Ẹ̀yìn Ọwọ́ Bàbá Ráfíù

Bàbá àgbà mi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ bó bá kan ọ̀rọ̀ pé nǹkan ti gbẹ. Bí o bá ní aṣọ orí okùn ti gbẹ, wọ́n á dìde, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kàn án, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́: "Ó gbẹ," tàbí, "Irọ́ ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ilá tí a sá, sí ẹ̀gẹ́, àní sí bàtà ilé ìwé mi. Iṣu tí màmá àgbà mi bá sá sórí àpáta láti fi ṣe èlùbọ́ kò ní í dé inú odó láìjẹ́ pé ọwọ́ yẹn ti kọjá lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń bí màmá nínú.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kúkú wá máa gún un," ni màmá máa ń wí. "Ojú mi ò fọ́, mo rí i pé ó ti gbẹ."

"Ojú ń purọ́," ni Bàbá á dáhùn. "Àtẹ́lẹwọ́ náà, ọkọ́ ti sọ ọ́ di pákó. Ẹ̀yìn ọwọ́ nìkan ni kò tíì kọ́ irọ́."

Ọwọ́ kan náà yẹn ni wọ́n máa ń gbé lé mi níwájú orí nígbà tí ibà bá ń ṣe mí. Mo ti bímọ báyìí, mo ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, síbẹ̀ bí mo bá rántí Bàbá, ojú wọn kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni, pẹ̀lú àpá àdá kan tó dábùú rẹ̀.

Ráfíù ni orúkọ bàbá mi, òun sì ni àkọ́bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ará Igbó-Ọrà fi ń pe bàbá àgbà mi ní Bàbá Ráfíù. Àwa ọmọdé àdúgbò ní orúkọ mìíràn tí a kì í pè sí etígbọ̀ọ́ wọn: Bàbá Àsorọ̀. Ibùsùn wọn ní oko ló bí orúkọ náà. Nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, wọ́n bá àwọn òyìnbó awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń la ojú ọ̀nà nínú ọ̀dàn, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n sì ń sùn. Làmídì, ará Ayétẹ̀, ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá wọn fún Bàbá ní bẹ́ẹ̀dì àsorọ̀ kan, aṣọ fífẹ̀ tó nípọn, tó ní okùn lórí àti lẹ́sẹ̀, tí èèyàn ń so mọ́ igi méjì kó tó sùn sínú rẹ̀. Ó fún Làmídì ní tapólì, aṣọ líle aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ọ̀dà pa, tí òjò kì í gbà kọjá. Àfi bí ẹni tó fún ẹnì kan ní abẹ́rẹ́, tó wá kó òwú fún ẹnì kejì.

Àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà sí i. Oko iṣu wọn pààlà nínú ọ̀dàn lẹ́yìn Ayétẹ̀, níbi tó jìnnà tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ kò lè padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n wá ń gba oko lọ́wọ́ ara wọn ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí Bàbá bá wà lóko, wọ́n á ṣọ́ oko méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀yà àti màlúù. Bí wọ́n bá ń bọ̀ nílé, wọ́n á ká bẹ́ẹ̀dì àti tapólì pọ̀ ní ìdì kan, wọ́n á gbé e fún Làmídì ní Ayétẹ̀, òun náà á sì gbọ̀nà oko lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìdì náà ń lọ tó ń bọ̀ fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá Ayétẹ̀ ni èmi ń pe Làmídì, orúkọ tó ń dùn lẹ́nu mi bí ọjọ́ ọdún ni, nítorí pé ọwọ́ wọn kì í ṣófo bí wọ́n bá ń bọ̀ nílé wa.

Àwọn èèyàn máa ń bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn ò fi kọ́ ahéré bí àgbẹ̀ gidi. "Ahéré á pe eku," ni èsì wọn, "eku á pe ejò, ejò á wá ní òun ló nilé."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi dání lọ sí oko yẹn nígbà ìsinmi ilé ìwé, mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ìdì náà wà láàárín wa. Mo rò pé a máa kàn so ó ni. Bàbá rìn yí igi irúgbá kan ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo òkè bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà níbẹ̀ tó lè já luni. Wọ́n wo ìdí rẹ̀ bóyá ìjàlọ ń kọjá. Wọ́n wá fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá a, wọ́n fetí sí i bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n lọ bá igi kejì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ebi ti ń pa mí, mo ní, "Bàbá, igi ṣáà ni."

"Àbẹ̀kẹ́," oríkì mi ni wọ́n ń pè mí, "ẹni tó o bá fẹ́ gbé ara rẹ lé lọ́wọ́ dọjọ́ kejì, ṣé o ò ní kọ́kọ́ kí i?"

Tapólì ni wọ́n kọ́kọ́ ta, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí òjò lójú ọ̀run. Okùn kan láti igi sí igi, wọ́n ju tapólì sórí rẹ̀, wọ́n fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí orí èèkàn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wá so bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n so ẹ̀já aṣọ kékeré kan mọ́ okùn bẹ́ẹ̀dì náà, kí omi tó bá ń tọ okùn bọ̀ lè gba ibẹ̀ kán sílẹ̀, kó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sùn. Kókó tí wọ́n ń ta sì jẹ́ irú èyí tí èèyàn á fa ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo rẹ̀ á tú. Kókó tèmi kò tú. Mo fi ehín fà á, mo fi èékánná họ ọ́, Bàbá sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Bí ìjì bá dé báyìí," ni wọ́n wí, "ìwọ àti ewúrẹ́ orí ìso, ọ̀kan náà ni yín."

Bí a bá fẹ́ máa lọ, ohun tó kọ́kọ́ dé ló ń gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀dì la ó kọ́kọ́ tú lábẹ́ ìbòòrùn, tapólì ló kẹ́yìn. Bí òjò bá sì ti pa tapólì, a ò ní í kúrò níbẹ̀. A ó tẹ́ ẹ sí oòrùn, a ó yí i padà, Bàbá á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níhìn-ín, wọ́n á kàn án lọ́hùn-ún. Ìgbà kan wà tí a dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí igun kan ṣoṣo. Mo sunkún nítorí ebi. "Tútù tó o bá ká mọ́nú," ni Bàbá wí, "jíjẹrà lo máa bá níbẹ̀."

Kí ẹ má baà rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Orí kunkun Bàbá kò kéré. Lọ́jọ́ kan, a gbé ìdì náà lọ ra okùn tuntun sí i ní Èrúwà, a wọ bọ́lẹ̀kájà bọ̀, ọmọ ọkọ̀ wá ń pa Bàbá láṣà, ó ní ìdì yẹn dà bí ẹrù tí wọ́n jí gbé. Bàbá ní kí wọ́n dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú ìdì náà palẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n nà án sílẹ̀ kí gbogbo èrò ọkọ̀ rí i, wọ́n tún ká a bó ṣe yẹ. Awakọ̀ bẹ̀ wọ́n, ọmọ ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n kọ̀, wọn ò wọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé Igbó-Ọrà. "Ẹni tó bá ti pè mí lólè," ni wọ́n ń tún wí lójú ọ̀nà, "mi ò lè bá a jókòó." Nígbà tí a délé, màmá fi omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ wọn. "Orí yín ló kunkun," ni màmá wí, "ẹsẹ̀ yín ló ń jìyà ẹ̀."

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀. Orúkọ rere wọn ni wọ́n fi ń yangàn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọ̀la ni Iléyá, èmi àti Bàbá wà lóko, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Ìyá mi ti ṣèlérí pé òun á lé láàlì sí mi lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ bí a bá tètè délé, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló sì máa lé e. Bàbá tẹ́ tapólì sí oòrùn, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, èmi ń lọ wa iṣu ọdún. Yí i padà bó bá yá, bó bá sì gbẹ, kí o ká a." Mo jókòó tì í. Òkè rẹ̀ gbẹ. Mo yí i padà, abẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán fún omi. Mo wo oòrùn, mo ronú kan láàlì, mo sì ká a bẹ́ẹ̀, mo dì í pọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ta kókó.

Bàbá dé pẹ̀lú àpò iṣu. "Ó gbẹ?"

"Ó gbẹ, Bàbá."

Wọ́n na ọwọ́. Iṣu fẹ́ já bọ́ léjìká wọn, wọ́n fi ọwọ́ náà gbá a mú. Wọ́n gbé ìdì náà lé kẹ̀kẹ́ láìfọwọ́ kàn án wò, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. A gbé e fún Bàbá Ayétẹ̀ bí a ṣe ń kọjá. Mo lé láàlì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì pọ́n dáadáa.

Ọdún Iléyá kọjá, ara Bàbá Ayétẹ̀ kò sì yá, wọn ò lè lọ sí oko, Bàbá náà sì dúró sílé títí yóò fi kàn wọ́n. Ìdì náà wà lókè àjà wọn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni a rí wọn níwájú ilé wa, wọ́n gbé e léjìká. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú tapólì sílẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ojúde. Ó ti bu dúdú, ó ti jẹrà láàárín, bí a bá fọwọ́ fà á, ó ń ya.

"Bàbá Ráfíù, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ gbé fún mi."

"Èmi?" Bàbá dìde. "Làmídì, láti ọjọ́ tí a ti wà lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀, ṣé o rí mi kí n ká nǹkan ní tútù rí?"

"Mi ò rí i rí. Ṣùgbọ́n mo rí eléyìí."

"Ilé rẹ ló jò sí i."

"Òrùlé mi kì í jò."

"Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra," ni Bàbá wí, "gbígbẹ ni mo fi lé ọ lọ́wọ́."

Bàbá Ayétẹ̀ wò wọ́n títí. "Ó tán," ni wọ́n wí. Wọ́n ká tapólì wọn, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì Bàbá sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n lọ. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, láàlì kò tíì ṣí tán léèékánná mi. Ẹnu mi wà níbẹ̀, mi ò là á.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí oko méjì tó fara kanra, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Ẹran jẹ iṣu àwọn méjèèjì, nítorí kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì ṣọ́ oko mọ́. Bàbá ń sùn sínú bẹ́ẹ̀dì wọn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, imọ̀ ọ̀pẹ kò sì lè dá òjò dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ayétẹ̀ nínú ilé, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ ọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ẹnu mi ń wúwo sí i.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ogun ṣì ń jà lápá ibòmíì lórílẹ̀-èdè yìí, òjò ńlá kan pa Bàbá lóko, wọ́n sì gbé ikọ́ wálé. Ikọ́ náà dá wọn dùbúlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń dún láti yàrá kejì, mo sì mọ̀ pé bí tapólì bá wà ni, òjò yẹn kì bá tí dé ara wọn. Ẹ̀rù bà mí pé èmi ni mo fẹ́ pa bàbá àgbà mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí màmá lọ sọ́jà, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn.

"Bàbá, tapólì yẹn. Èmi ni mo ká a ní tútù."

Ojú wọn wà ní dídì. "Tapólì wo?"

"Ti ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la. Ẹ bi mí bóyá ó gbẹ, mo ní ó gbẹ. Kò gbẹ."

Mo ń retí igbe, mo ń retí ìgbátí, ì bá dùn mọ́ mi kí wọ́n gbá mi. "Mo na ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí níkẹyìn, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo na ọwọ́, mi ò fi kàn án." Wọ́n wá lajú. "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo bú sẹ́kún. Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́. "Eléyìí náà kò gbẹ," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ti lè gbé wọn, a wọkọ̀ lọ sí Ayétẹ̀, èmi pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ìrun parí, tí àwọn èèyàn ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá dúró de ọ̀rẹ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ló fi ọdún méjì ju Làmídì lọ. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, níwájú tọmọdé tàgbà.

"Làmídì, èmi ni mo ká a ní tútù. Mo búra, ìbúra mi kò sì rí bẹ́ẹ̀. Dákun, dárí jì mí."

Ojú ti mí débi pé ilẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Mo gbọ́ ohùn Bàbá Ayétẹ̀: "Ẹ dìde, Bàbá Ráfíù. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù, ikọ́ ń ṣe yín." Wọ́n di Bàbá lápá mú. Ilé wọn la ti jẹun.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, mi ò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ká a."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló yẹ kó fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá ká a?" Wọ́n yíjú sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí a délé, wọ́n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbúra náà, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún màmá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣe ohun ńlá láyé, mi ò tíì rí èyí tó tó ìdọ̀bálẹ̀ yẹn.

Àwọn méjèèjì gbé tapólì náà lọ sọ́dọ̀ aránbàtà, ó gé ibi tó jẹrà kúrò, ó lẹ aṣọ líle mìíràn mọ́ ọn, wọ́n sì fi ọ̀dà pa á. Ìdì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó tún ń bọ̀. Ikọ́ Bàbá kò lọ tán. Ó ń wá, ó ń lọ, títí di ọdún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, kí n tó dé, wọ́n ti sin wọ́n. Mo lọ síbi sàréè, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ náà. Ó ṣì tutù. Ó dùn mí dé egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tí a fẹ́ ṣe fídáù, òjò ṣú. Bàbá Ayétẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìdì náà léjìká, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ló wà nígbà tí Bàbá kú. Èmi àti wọn la jọ ta tapólì sójúde fún àwọn ààfáà. Mo ta kókó Bàbá sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò rọ̀, kò sì kan ẹnikẹ́ni títí àdúrà fi parí.

Nígbà tí èrò túká, oòrùn ti yọ. Àbúrò bàbá mi fa kókó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ tú, ó sì fẹ́ ká tapólì náà bí ẹni ń ká ẹní. Mo pariwo mọ́ ọn bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó kọjú sí oòrùn, mo jókòó tì í. Bàbá Ayétẹ̀ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè sọ ọ́ fún.

"Bàbá Ayétẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ tapólì yìí nígbà yẹn. Bàbá kọ́. Èmi ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ yẹn ni mo mọ̀. Bàbá àgbà rẹ ò ká nǹkan ní tútù rí láyé wọn. Bí wọ́n ṣe ní àwọn ni, mo gbójú sókè, mo rí ìwọ lẹ́yìn wọn, ilẹ̀ lò ń wò."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ̀rọ̀?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Èèyàn gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n, kí èmi wá máa ṣí aṣọ wò?" Wọ́n fi ẹ̀wù nu ojú wọn. Èmi ò nu tèmi.

Ọkọ̀ Ayétẹ̀ fọn fèrè lójú títì. Mo mọ̀ pé kò sí òmíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé èmi fúnra mi á gbé e wá lọ́la. Wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ó gbẹ?" ni wọ́n bi mí.

Òkè rẹ̀ ti gbóná fún oòrùn. Mo yí i padà, mo wá ibi tí aránbàtà lẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé e, mo dúró díẹ̀.

"Kò tíì gbẹ, Bàbá."

Ọkọ̀ lọ. Bàbá Ayétẹ̀ ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ògiri ilé bàbá àgbà mi.

"A jẹ́ pé a ó dúró dè é nìyẹn."